"Máìn!": Pápá Fọ́líbọ́ọ̀lù àti Ọmọbìnrin Tí Ojú Ń Tì

Ìwé kíkà: Númérì 27:1–11; Ẹ́kísódù 4:1–17; 1 Tímótì 4:7–8

Kí a tó ṣí Bíbélì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, èsì ìdánwò kan jáde. Àwọn tí a jọ jókòó nínú gbọ̀ngàn rí èsì tiwọn, tèmi kò sí níbẹ̀. Mo ṣe ìdánwò náà o. Mo fọwọ́ sí ìwé wíwá kí n tó jáde. Àwa mẹ́ta ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn méjì yòókù lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka wa, wọ́n ṣàlàyé ara wọn, wọ́n bá wọn wá ìwé wọn rí, ọ̀rọ̀ sì tán. Èmi dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kìíní, mo gbọ́ ohùn àwọn èèyàn nínú ilé, mo padà. Lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo ṣe bí ẹni ń kọjá lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn nígbà tí akọ̀wé kan yọ sí mi tó ní, "Kí lo fẹ́?" Mo ní, "Kò sí nǹkan, mà." Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Bí kọ́ọ̀sì tí mo ti kà, tí mo ti kọ, ṣe di káríófà fún mi nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi dákẹ́ fún odidi ọdún kan.

Ohun tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé nínú ìdàpọ̀, yínyìn ni wọ́n ń yìn mí. "Sísítà yẹn jẹ́jẹ́ gan-an ni. Ó nírẹ̀lẹ̀." Inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi pé kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ ló ń dá mi dúró. Ẹni tó nírẹ̀lẹ̀ lè sọ̀rọ̀, ó kàn yàn láti fi ẹlòmíì ṣáájú ni. Èmi kò lè sọ̀rọ̀ rárá. Lọ́jọ́ tí olùdarí ẹ̀kọ́ Bíbélì ní kí n fi àdúrà pa ìpàdé dé, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, títí ẹlòmíì fi gbà á ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni n kò fi yọjú sí ìpàdé mọ́. Mo sọ fún àwọn tó wá bẹ̀ mí wò pé ara mi ni kò yá. Ìtìjú tí gbogbo wa ń pè ní ìwà pẹ̀lẹ́ ti sọ mí di òpùrọ́.

Ẹ wo àwọn ọmọbìnrin Sélófẹ́hádì nínú Númérì 27. Márùn-ún ni wọ́n: Málà, Nóà, Hógílà, Mílíkà àti Tírísà. Bàbá wọn kú sínú aginjù, kò ní ọmọkùnrin, bí wọ́n bá sì pín ilẹ̀ lọ́nà tí wọ́n ti ń ṣe é, orúkọ ilé bàbá wọn ò ní sí níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin yìí kò jókòó sínú àgọ́ kí wọ́n máa sunkún. Wọ́n jáde wá sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ìpàdé, wọ́n dúró níwájú Mósè, níwájú Élíásárì àlùfáà, níwájú àwọn ìjòyè àti gbogbo ìjọ, wọ́n ro ẹjọ́ wọn. Mósè gbé e lọ síwájú Ọlọ́run, Ọlọ́run sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹjọ́ tí wọ́n rò ló di òfin fún gbogbo Ísírẹ́lì.

Ọjọ́ tí mo ka ibẹ̀ dáadáa, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ẹ̀ka wa ni mo rí. Orúkọ tí kò sí níbi tó yẹ kó wà, àti ẹni tó yẹ kó lọ sọ ọ́. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí: àwọn márùn-ún ló jọ dúró. Bíbélì kò sọ fún wa èwo nínú wọn ló gbẹnu sọ. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà láàárín wọn tí ojú ń tì bíi tèmi, tó jẹ́ pé èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fara tì ló gbé e dé ibẹ̀. Ibi tí irú èjìká bẹ́ẹ̀ wà fún èmi ni n kò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbé yàrá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ló mú mi débẹ̀. Ọdún kẹrin ló wà nígbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, "Àbúrò, dìde, a ò pé."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, n ò mọ fọ́líbọ́ọ̀lù gbá o."

Ó ní, "Ta ló bi ọ́ bóyá o mọ̀ ọ́n? Mo ní a ò pé ni."

Ẹ má rò pé eré yìí jìnnà sí ọ̀rọ̀ àwa Kristẹni. Ọ̀gbẹ́ni William Morgan ló dá a sílẹ̀ ní 1895, ní ìlú Holyoke ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni tí a mọ̀ sí YMCA. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ pàápàá, abẹ́ òrùlé ẹgbẹ́ kan náà ni James Naismith ti dá a sílẹ̀ ní 1891. Àwọn tó dá eré wọ̀nyí sílẹ̀ gbà pé ara èèyàn wà lára ohun tí à ń tọ́.

Àmọ́ kì í ṣe ìtàn yẹn ló mú mi jókòó kọ̀wé. Òfin eré náà ni. Mo ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama, mo sì mọ bí èèyàn ṣe ń fara pamọ́ nínú rẹ̀: ẹ dúró sẹ́yìn lápá ọ̀tún, ẹ máa sáré díẹ̀díẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù lè má kàn yín fún ogún ìṣẹ́jú. Fọ́líbọ́ọ̀lù kò gba irú ẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà péré ló wà lápá kan, nínú àyè tí kò ju mítà 9 ní ìbú àti mítà 9 ní gígùn lọ. Nígbàkígbà tí ikọ̀ yín bá gba sáàfù padà lọ́wọ́ àwọn kejì, gbogbo yín á yí ipò kan. Ẹni tó bá dé igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, òun ni sáàfù kàn. Àfi ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì ìdáàbòbò ló máa ń yọ nínú èyí. Àwa yòókù, a ga o, a kúrú o, a mọ̀ ọ́n gbá o, a ò mọ̀ ọ́n o, yóò kàn wá. Bí réfìrí bá sì ti fọn fèrè, ìṣẹ́jú àáyá 8 lo ní. Ìwọ nìkan lo dúró sẹ́yìn ìlà. Gbogbo ojú wà lára rẹ.

Sáàfù mi àkọ́kọ́ wọ inú àwọ̀n. Ìkejì ba ẹ̀gbọ́n tó mú mi wá gan-an, ní ìpàkọ́. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo ń retí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ilẹ̀ kò lanu. Ẹ̀gbọ́n pàápàá fi ọwọ́ pa ìpàkọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ju bọ́ọ̀lù padà.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ gbádùn nìyẹn, bí n kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ọmọbìnrin onítìjú máa ń gbé àṣìṣe kan sọ́kàn fún ọdún kan. Ó pe ọ̀rọ̀ kan ṣì ní kíláàsì JSS 2, ó ṣì ń rántí rẹ̀ ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀tì kan nínú fọ́líbọ́ọ̀lù dá lórí ayò 25, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan kò sì jù ayò kan lọ. O ṣe é, wọ́n kà á fún àwọn kejì, ó tán, bọ́ọ̀lù mìíràn ti dé. Kò sí àyè láti ronú nípa rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, mo máa ń ṣe àṣìṣe tó ogún níwájú èèyàn, mo sì ń padà sí yàrá, mo ń jẹ gàrí mi, mo ń sùn. Ara mi ni ó kọ́kọ́ gbà pé àṣìṣe ní gbangba kì í pani. Ọkàn mi tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ohùn wá le jù. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ láàárín ẹni méjì, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ké "Máìn!", ìyẹn ni pé tèmi ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Bí kò bá sí ẹni tó ké, ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀: kí àwọn méjèèjì máa wo ara wọn kí bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀ bí èso àgbálùmọ̀, tàbí kí wọ́n forí gbárí. Òfin tí ẹ̀gbọ́n wa fi lélẹ̀ ni pé bí ó bá bọ́ sáàárín ẹni méjì, ẹni tó dákẹ́ ló jẹ̀bi, ì báà jẹ́ pé kò súnmọ́ ọn. Fún bí oṣù kan, èmi ni mo ń jẹ̀bi. Mo lè sáré débẹ̀, mo lè na ọwọ́, ẹnu mi ni kò ṣí. Òtútù ọyẹ́ òkè Ọya níbí á máa sọ ọwọ́ di pupa, bọ́ọ̀lù á máa ta bíi pàṣán, gbogbo ìyẹn rọrùn fún mi ju kí n ké lọ.

Lọ́jọ́ tí mo ké e, mi ò gbèrò rẹ̀. Sísítà kan tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ wà lókè, kò rí mi. Bí mo bá dákẹ́, yóò ṣubú lé mi lórí. "Máìn!" Ohùn náà dẹ́rù ba èmi fúnra mi. Ó dúró. Mo gba bọ́ọ̀lù náà. Kódà kò lọ síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bìkítà, ẹ̀gbọ́n wa ń pariwo bí ẹni pé a gba ife ẹ̀yẹ.

Mo ti ronú sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn púpọ̀. Ìtìjú mi, ara mi ló ń jẹ́ kí n máa wò nígbà gbogbo: báwo ni wọ́n ṣe ń wò mí, kí ni wọ́n máa sọ nípa mi. Igbe yẹn kò ní ojú mi nínú. Ojú mi wà lára bọ́ọ̀lù àti lára orúnkún sísítà yẹn. Ohun tí n kò lè ṣe nítorí ara mi, mo ṣe é nítorí ẹlòmíì. Ẹ lọ ka Fílípì 2:4, kí ẹ wá wò ó bóyá kì í ṣe pápá ni ibẹ̀ ti yé mi.

Ọ̀gbẹ́ni Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó kọ́ni ní yunifásítì Stanford, gbé àlàyé kan jáde ní 1977 nípa ìgbàgbọ́ tí èèyàn ní pé òun lè ṣe nǹkan kan yọrí. Ó ní ọ̀nà mẹ́rin ló ń gbà wọlé: ohun tí èèyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tó sì yọrí, ohun tó rí tí ẹni bíi tirẹ̀ ṣe, ọ̀rọ̀ ìyànjú látẹnu ẹlòmíì, àti bó ṣe ń túmọ̀ ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á. Ó ní ti àkọ́kọ́ ló lágbára jù. Kí ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin aṣáájú wa: nínú ìdàpọ̀, ti ìyànjú nìkan ni a gbójú lé. "Sísítà, ẹ ní ìgboyà!" "Ẹ má bẹ̀rù!" Ó dára, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n níbo ni a ti fún un ní ohun kékeré kan láti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kó ṣì í ṣe, kó tún un ṣe, kó tó di pé a pè é síwájú èèyàn ọ̀ọ́dúnrún?

Ẹ padà sí Ẹ́kísódù 4. A máa ń tètè dé ibi tí Mósè ti ń ṣàròyé ahọ́n rẹ̀, a sì ń fo ohun tó ṣáájú rẹ̀. Kí Ọlọ́run tó rán an sí Fáráò, nínú aginjù níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń wò ó, ó ní kó ju ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó di ejò, Mósè sá. Ọlọ́run ní kó padà wá mú un ní ìrù. Ó mú un. Lẹ́yìn náà ó ní kó ti ọwọ́ bọ àyà, kó yọ ọ́, kó tún ti í bọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni a lè pe ìyẹn bí kì í ṣe ìdánrawò? Ọwọ́ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fi kọ́ ọkùnrin onítìjú yìí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ náà, ẹ̀rù ṣì ń ba Mósè, ó ṣì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rán ẹlòmíì, Ọlọ́run sì fi Áárónì tì í. Kò gba ahọ́n tuntun. Ó gba ohun tó ti fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí, àti ẹnìkejì.

Ti kí èèyàn rí ẹni bíi tirẹ̀ náà ní agbára o. Ní July 2025, nígbà tí Super Falcons pàdé Morocco ní àṣekágbá ìdíje àwọn obìnrin Áfíríkà ní Rabat, góólù méjì sódo ni wọ́n fi ń nà wá títí a fi lọ sinmi. Wọ́n padà wọlé, wọ́n fi mẹ́ta sí méjì gba ife ẹ̀yẹ, ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá irú rẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọbìnrin tí wọn kì í dá olùkọ́ lóhùn ní kíláàsì la jọ ń fò sókè. Chioma Ajunwa ti wà kí wọ́n tó bí àwa: ọlọ́pàá obìnrin tó fò mítà 7.12 ní Atlanta ní 1996, tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dá gba wúrà nínú Òlíńpíìkì. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, àwọn yìí jìnnà. Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni sísítà kan ní ikọ̀ wa tó máa ń kólòlò. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ó ń pẹ́. Bó bá ń ké "Máìn!", kì í pẹ́.

Àwọn kan á ní Pọ́ọ̀lù ti sọ nínú 1 Tímótì 4:8 pé eré ìdárayá kò fi bẹ́ẹ̀ lérè. Ẹ tún un kà. Ohun méjì ló ń fi wéra, ó sì fi ìwà-bí-Ọlọ́run sókè gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Kò sọ pé ìkejì kò ní èrè kankan. Pọ́ọ̀lù kan náà ló fi eré ìje àti ẹ̀ṣẹ́ jíjà kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje ńlá lẹ́bàá rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Ó mọ̀ pé wọ́n mọ ohun tí òun ń sọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ náà wà níbẹ̀. Mo mọ sísítà méjì tó fi pápá sílẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n sọ fún wọn nípa ṣòkòtò. Ní ìrọ̀lẹ́ tiwa, àwọn kan ń wọ ṣòkòtò ìdárayá tó gùn tó sì tóbi, àwọn kan ń wọ síkẹ́ẹ̀tì lé e lórí, àwọn kan sì wà tó ń fi ìbòrí sórí. N kò tíì rí bọ́ọ̀lù tó kọ̀ láti fò nítorí ohun tí ẹni tó gbá a wọ̀. Ẹ wọ èyí tí ẹ̀rí ọkàn yín gbà, kí ẹ sì jẹ́ kí ti ẹlòmíì wà láàárín òun àti Olúwa rẹ̀.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún gan-an ni èyí. Pápá lè fọ́ ọmọbìnrin onítìjú túútúú bí ẹni tó ń kọ́ ọ bá ń bú u, tàbí bí àwọn bùrọ̀dá bá sọ ẹ̀gbẹ́ pápá di ibi tí wọ́n ti ń fi ara àwọn obìnrin ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀yin bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Sísítà, bí kóòṣì kan bá ní kí ìwọ nìkan wá fún ìdánrawò níbi tí ẹlòmíì kò sí, má lọ, kí o sì sọ fún ẹnì kan. Bí ìbẹ̀rù bá sì le débi pé èèyàn ò lè jẹun, kò lè sùn, kò lè wọ kíláàsì, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí agbaninímọ̀ràn. Eré kì í ṣe oògùn gbogbo nǹkan. Kì í sì í ṣe dandan kó jẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù. Mo kàn mọ èyí tó gba ẹnu mi là ni.

Èmi kò di aláròyé o. Títí di òní, bí wọ́n bá ní kí n ṣe alága ètò, mo máa ń wá ẹlòmíì. Ẹni tó dákẹ́ jẹ́jẹ́ ni Ọlọ́run dá mi, n kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kó yí i padà. Ṣùgbọ́n ní ọdún kẹta, èsì kan tún jáde láìsí tèmi nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì kan náà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí lù kìkì, ọwọ́ mi ń làágùn. Mo mọ̀ ọ́n. Bí ó ṣe máa ń ṣe mí lẹ́yìn ìlà kí réfìrí tó fọn fèrè ni, mo sì ti gbá sáàfù pẹ̀lú àyà bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ẹ káàsán, sà. Èsì mi kò sí nínú ìwé tí ẹ lẹ̀, mo sì ṣe ìdánwò náà." Ohùn mi gbọ̀n. Ọkùnrin náà ní kí n padà wá lọ́la. Mo padà lọ́la. Ó ní kí n padà wá ní ọjọ́ Ajé. Mo padà ní ọjọ́ Ajé, mo sì mú sísítà tó ń kólòlò yẹn dání, ó kàn jókòó tì mí ni, kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta yẹn ni wọ́n rí ìwé mi, nínú àpò kíláàsì mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n tó mú mi lọ sí pápá ti ń sìnrú ìlú báyìí. Èmi ló kù tó ń jí àwọn èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ọdún kìíní kan wà nínú yàrá wa, ó ti wá ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin. Ó ti ń ké "Máìn" báyìí, ṣùgbọ́n àfi kí èèyàn súnmọ́ ọn gan-an kó tó gbọ́. Ní Ọjọ́rú, bọ́ọ̀lù tún bọ́ sáàárín èmi àti òun, mo sì sọ fún un pé àwa méjèèjì la jẹ̀bi.